Pálọ̀ Alága Kì Í Ṣe Wọ́ọ̀dù

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú nílé. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń bá wí yóò mọ ara rẹ̀.

1.

Ọkùnrin kan wà ní Imeri tó ń jẹ́ Olúgbádé. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́ọ̀dù náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bó bá dé ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ifon, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wọn, a ní, "Wọ́ọ̀dù tèmi kì í já kulẹ̀."

Ìbò kánsẹ́lọ̀ ń bọ̀. Tiwalọlá, obìnrin tó ni ẹ̀rọ tí ìlú fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ní òun fẹ́ dupò. Odò kan wà lọ́nà oko tó máa ń dá àwọn àgbẹ̀ dúró nígbà òjò. Obìnrin náà ń fẹ́ kí ìjọba ṣe afárá sí i. Ọmọ bàbá kan náà ni ìyá rẹ̀ àti ìyá Olúgbádé, nítorí náà ó lọ bá a nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe ìbò abẹ́lé. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Bí wọn kò bá fẹ́ mi, màá padà sídìí ẹ̀rọ mi."

Olúgbádé bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Kí la fẹ́ fi ìlà ṣe? Ṣé ìrẹsì la fẹ́ pín ni? Àwa àgbà mọ ẹni tó yẹ."

2.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àgbà mẹ́fà péjọ sí pálọ̀ Olúgbádé. Kọ́kọ́ọ̀sì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn tó ń pàṣẹ nínú ẹgbẹ́, ni wọ́n ń pe ara wọn. Àdúgbò kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Olúgbádé dárúkọ Jonah, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé Àkúrẹ́.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

Ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sókè. Ìpàdé parí. Monica, ìyàwó Olúgbádé, wọlé wá kó ife omi.

"Ta lẹ mú?"

"Jonah ni."

"Jonah wo?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìyàwó alága kò bá mọ ẹni tí alága mú, ta ni kó wá mọ̀ ọ́n?

3.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò jà. Wọn kò ya káàdì, wọn kò sọ̀kò. Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, wọ́n mú àdá, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n gba oko lọ. Olúgbádé pàdé ọ̀kan nínú wọn, Olúyọmí, lójú ọ̀nà.

"Olúyọmí! Ìbò ńkọ́?"

"Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ mú un, alága. Kí ẹ̀yin mẹ́fà lọ dìbò fún un. Èmi ń lọ kọ ebè."

Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní ibùdó tó wà nítòsí ilé Olúgbádé, ẹgbẹ́ kejì ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Jonah ní márùn-ún. Òun alára kò rí ìbò di, Àkúrẹ́ ló ti gba káàdì ìdìbò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́ọ̀dù lọ, tí Olúgbádé sì di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Ifon.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún péjọ sí pálọ̀ náà. Inú ń bí Ọlámúyìwá, tó dàgbà jù nínú wọn.

"Márùn-ún! Àwa mẹ́fà la dìbò níbẹ̀. Ta ló dà wá?"

Olúgbádé kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ náà, Monica, o kò dìbò?"

"Ìgbà tí ẹ ń mú un, ṣé ẹ bi mí?"

Mùnírù aránṣọ wá wúkọ́. "Ẹ má wá ẹnikẹ́ni kiri mọ́. Èmi ni. Òfìfo ni mo ju ìwé tèmi sínú àpótí. Tiwalọlá ni mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ gbogbo yín ló ti wà lókè, ojú sì tì mí láti dá jókòó, ni mo bá na tèmi."

Ẹnì kan tún sọ̀rọ̀ láti ìkángun. "Ká má purọ́, èmi náà kò fẹ́ Jonah. Mo dìbò fún un nítorí alága ni." Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun. Ọlámúyìwá tó ń pariwo wolẹ̀, ó ní òun náà kò fẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó dìde, ó ti hàn pé ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ Jonah nínú ọwọ́ mẹ́fà, Olúgbádé fúnra rẹ̀.

4.

Nígbà tí ìbò mìíràn tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Olúgbádé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ẹ̀rọ Tiwalọlá. "Àbúrò mi, mo ṣìṣe. Ìbò abẹ́lé la máa ṣe."

Ọlámúyìwá kọ̀. "Ìlà máa ń sọni dọ̀tá ni. Ẹni tí kò bá tò sẹ́yìn mi, ojú mi á rí i."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìsọkúsọ, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀ wọ́n jáde sí pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Tiwalọlá dúró lápá ọ̀tún, Adégbénga ọlọ́kadà, tí òun náà fẹ́ dupò, dúró lápá òsì. Wọ́n ka àwọn tó tò sẹ́yìn wọn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Tiwalọlá ní mọ́kànlélógóje, Adégbénga ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìgbà náà ni Adégbénga tajú kán rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn Tiwalọlá.

"Bùọ̀dá mi! Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà ni. Ilé la ti jọ tan, a ò jọ tan lórí ìlà."

Adégbénga wò ó títí, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo pápá sì bá a rín in. "Ó tán. Ojú mi rí i, etí mi sì gbọ́ iye rẹ̀. N kò ní ẹjọ́. Tiwalọlá, ó yá, gun ọ̀kadà mi, ká lọ bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yìn Adégbénga ni Olúgbádé tò sí, nítorí òun ló wù ú, ẹni tó fẹ́ kò sì borí. Síbẹ̀ Olúgbádé náà ló lọ gbé ọwọ́ Tiwalọlá sókè. Lọ́jọ́ ìbò gan-an, àwọn tó máa ń gba oko lọ ti wà níbùdó kí àwọn òṣìṣẹ́ ìbò tó dé. Wọ́ọ̀dù padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ gba ìkìlọ̀ yìí. Ẹ má ṣe ka ọwọ́ tó wà lókè nínú yàrá sí ọkàn àwọn tó wà níta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn yan ẹni tí wọn yóò tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá yàn yín, ẹ gbà, kí ẹ sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá sì pè yín sí ìlà, ẹ má jókòó sílé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí alága tiyín.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí.