Ògúntóyè Tó Kan Fèrèsé Ilé Obì Pa

Ògúntóyè ará Ọ̀tà kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ojú yòówù tó bá wo ọjà rẹ̀, ojú olè ni.

Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn onígbàgbọ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, wọ́n ta ilé amọ̀ kékeré tí wọ́n ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀. Ògúntóyè ta oko bàbá rẹ̀, ó ra ilé náà, ó sì fi ìyókù ra obì kún inú rẹ̀. Bí obì yẹn bá ṣòfò, kò níbi tí yóò padà sí.

Lọ́sàn-án, oòrùn a gba ojú fèrèsé mẹ́jọ wọlé, a tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sórí àwọn agbọ̀n obì. Ilé a dákẹ́ bí ẹni tó ń lálàá, àfi bíi pé orin fẹ́ jáde láti ara ògiri. Àwọn tó ti ṣègbéyàwó níbẹ̀ a máa yà, wọn a gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, wọn a máa wò. Ìyádùnní, opó tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láyé ọjọ́un, kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

"Kí lẹ ń wá, Ìyá?"

"Ọjọ́ tí mo dé ìbòrí funfun ni mò ń wò."

"Ẹ lọ máa wò ó nílé yín. Obì ni mo kó síbí, n kò kó ìyàwó."

Ó gbé páànù àti ìṣó, ó kan fèrèsé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pa. Ìyádùnní gbọ́ ìró òòlù, ó padà wá.

"Ògúntóyè, obì ń mí. Bí o bá dí i nímú, yóò kú."

"Ẹni tó fẹ́ jalè ní ń bẹ̀bẹ̀ fún fèrèsé."

Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Kò sẹ́ni tó mú ẹyọ obì kan. Inú òkùnkùn ni obì ti ń làágùn. Òórùn rẹ̀ dùn, ó ń kunni lóorun. Ògúntóyè a jókòó sáàárín rẹ̀, a sùn lọ, a máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yóò kọ́ lójú àlá.

Ìgbà tí Láwàlì, Gàmbàrí tó ń fi reluwé kó obì lọ sí Òkè Ọya, dé, ó ṣí ewé orí agbọ̀n kan. Ìka rẹ̀ rì wọnú obì.

"Ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ sin síbí?"

Wọ́n tú gbogbo agbọ̀n, bákan náà ni. Láwàlì fi ewé nu ọwọ́, ó gba ìsọ̀ Àdìzát, obìnrin tó ń ta obì lọ́jà, lọ.

Lọ́dún kejì, ìsọ̀ Àdìzát náà ni Ògúntóyè ti ń bá wọn bó obì kó lè rí jẹ. Àwọn ará ọjà ní olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, wọn kì í fi òun nìkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n. Bó bá dìde, Àdìzát a ní, "Bàbá, ẹ gbọn aṣọ yín kẹ́ ẹ tó jáde."

Ògúntóyè a sì gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ṣọ́ ọjà rẹ, ṣùgbọ́n má sọ gbogbo ayé dolè. Ẹni tó lé gbogbo ojú kúrò lára ohun tó ní, kò ní rí ẹni bá a rí i nígbà tó bá ń bàjẹ́. Bí arúgbó tí o kò fẹ́ràn bá sọ òótọ́ fún ọ, gba òótọ́ náà. Kò di dandan kó o fẹ́ràn arúgbó.