Tíṣà Tí Kì Í Dúró De Ẹnìkejì

Àléébù kan ṣoṣo ni Nathaniel Ògúnlànà ní: kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kì í mutí, kì í jalè, kò sì na ìyàwó rẹ̀ rí. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìkàrẹ́ ní eré ìdárayá, nígbà tó sì fẹ̀yìntì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìntì. Bí òun àti Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá jọ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà á ti wọlé, á ti jókòó, á ti bá wa kọ odindi orin kan kí ìyàwó tó dé ẹnu ọ̀nà. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ìjọ wa máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkàrẹ́ lọ sí orí òkè àdúrà kan ní Ọ̀kà. Ọ̀nà náà jìn, gígun rẹ̀ sì le, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ṣe é lófin pé méjì-méjì ni ká máa rìn. Omi ẹnìkejì rẹ ni wàá gbé, òun náà á gbé tìrẹ. Tí ẹ bá kọjá Àkùngbá, ẹ ó jókòó nídìí àpáta ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ara yín. Lórí òkè, ẹnikẹ́ni kì í tọrọ ti ara rẹ̀. Ohun tí ẹnìkejì rẹ bá sọ fún ọ nídìí àpáta ni wàá bá a tọrọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti tó oṣù kan tí Kíkẹ́ ti fọwọ́ kan kókó kan ní ọmú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Nílé, kó tó la ẹnu, ọkọ rẹ̀ á ti dìde, á ti jáde. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí àwọn bá dé ìdí àpáta, òfin á mú ọkọ òun jókòó, òun á sì sọ ọ́ fún un.

Wọn ò tíì dé Àkùngbá tí Tíṣà ti ń na ọrùn wo iwájú.

"Bàbá Máyọ̀wá, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ni Kíkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ dé ìdí àpáta. Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ."

"Ṣebí ilé kan náà là ń gbé, Ìyá Máyọ̀wá? Sọ ọ́ nílé," ni Tíṣà dáhùn. "Ọdún kẹfà rèé tí èmi ni mò ń kọ́kọ́ dé orí òkè. Mi ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ àná yìí gba ipò mi."

Ó sì lọ, pẹ̀lú omi Kíkẹ́ nínú báàgì rẹ̀. Asárétete kò róyè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó fi eré sísá jẹun?

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì Àkùngbá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ wa, Happiness lorúkọ rẹ̀, ló bá Kíkẹ́ nídìí àpáta, tí ètè ìyá náà ti gbẹ. Ẹnìkejì ọmọ náà kò rí àyè wá. Ó fún ìyá ní omi inú ọ̀rá, ó sì jókòó tì í. Ibẹ̀ ni Kíkẹ́ ti sọ ohun tó yẹ kó sọ fún ọkọ rẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí.

"Mọ́mì, ẹ lọ sí ọsibítù," ni Happiness wí, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ sì sọ fún Dádì."

"Tí wọ́n bá dúró, màá sọ fún wọn."

Tíṣà ti dé orí òkè tipẹ́, ó sì ti mu omi ìyàwó rẹ̀ tán. Alàgbà Akínlọ́lá, tó ń darí àdúrà, bi í pé, "Tíṣà, kí ni ẹnìkejì yín ń fẹ́?"

"Mi ò mọ̀ o," ni Tíṣà wí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Kíkẹ́ dé, tó di ọwọ́ Happiness mú, kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un ohun tí yóò tọrọ fún ọkọ rẹ̀. "Olúwa," ló wí, "má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́." Ó wá fún Tíṣà ní omi rẹ̀. Kíkẹ́ kò ṣí i rárá lójú ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo òùngbẹ tó gbẹ ẹ́.

Àjíǹde kọjá, òjò rọ̀, wọ́n jẹ iṣu tuntun, Tíṣà kò dúró. Nígbà tí ìrora kò ṣeé fi pamọ́ mọ́ ni wọ́n tó gbé Kíkẹ́ lọ sí ọsibítù. Dókítà wò ó, ó ní, "Ká ní ẹ mú wọn wá lásìkò Àjíǹde ni." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi, Kíkẹ́?" ni Tíṣà bi í.

"Mo ń dúró dè yín ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni Tíṣà ti kọ́ ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́. Láràárọ̀ ni yóò di ìgúnpá ìyàwó rẹ̀ mú láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣísẹ̀ kan, wọ́n á sinmi, ìṣísẹ̀ kejì. "Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n rìn báyìí," ni Kíkẹ́ máa ń wí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á lọ sẹ́yìnkùlé, á sì sunkún. Kíkẹ́ kú nígbà ọyẹ́.

Nígbà tí Àjíǹde tún dé, Tíṣà dá nìkan rìn, ó gbé ike omi méjì dání. Ó jókòó nídìí àpáta títí gbogbo ìjọ fi kọjá lára rẹ̀. Òun ló dé orí òkè kẹ́yìn. Alàgbà Akínlọ́lá kò kọ́kọ́ fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

"Tíṣà, kí ni ẹnìkejì yín ń fẹ́?"

"Ó fẹ́ kí n dúró," ni Tíṣà wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A dúró ká gbọ́ ẹni tí yóò bá Tíṣà tọrọ tirẹ̀, kò sí. Ó gbé ike omi méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ rárá, títí di òní. Àdúrà Kíkẹ́ gbà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Tíṣà kọ́gbọ́n. Ẹni tó dá nìkan kọ́kọ́ dé, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé nìkan ló dé. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù kì í jáde lẹ́nu lórí ìdúró. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í. Bí ìyàwó rẹ, ọkọ rẹ tàbí ọmọ rẹ bá ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ," má ṣe ní kó di ilé. Wá àpáta tó bá sún mọ́ ọ jù, kí o jókòó.