Aṣọ Méje Lábẹ́ Igi Obì

Bí ajíhìnrere ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa wúrà ní Ìtagunmodi, ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ló fẹ́ fi wàásù fún wọn, pé àmì òpin ayé ti dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, aṣọ méje ló bá ní kíká lábẹ́ igi obì. Kò bá ẹnì kankan.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wàásù pé báyìí ni aṣọ yóò ṣe ṣẹ́ kù lọ́jọ́ ìgbàsókè. Kò sunkún, kò gbàdúrà. Ó kàn jókòó ti àwọn aṣọ náà.

Ìyá olónjẹ gbé ìrẹsì dé.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá. Aṣọ lẹ wá ń ṣọ́?"

"Jésù ti kó wọn lọ. Ó fi mí sílẹ̀."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo yìí! Wọ́n máa ń bọ́ aṣọ kí wọ́n tó wọ kòtò wúrà ni."

Ó yíjú sí kòtò. Ẹrẹ̀ pupa ti dí i pa. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti jókòó síbí?"

"Láti àárọ̀."