Dúdú Ẹ̀yìn Ìjàpá

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ń yí owó fàdákà tí ọkùnrin kan mú wá wò níbi ìmọ́lẹ̀. Irú èyí tí wọn kì í ná ni, tí wọ́n kàn ń tọ́jú sínú àpótí.

"Ìjàpá òkun orí ẹ̀ mà rẹwà o! Kí ni dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yìí?"

"Ìdọ̀tí ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi nù ún kúrò. Ojoojúmọ́ nìyàwó mi ń tẹjú mọ́ ọn, táá máa fajú ro. Ọlọ́run á jẹ́ kó rẹ́rìn-ín lónìí."

Alágbẹ̀dẹ fi aṣọ funfun nù ún, ó nù ún.

"Ìjàpá ti wẹ̀. Ó ku kó sá padà sókun! Ẹ mú aṣọ náà dání, ẹ̀bùn ni."

Nílé, ọkọ la àtẹ́lẹwọ́. Owó náà ń dán bíi dígí.

Ìyàwó ń fi ìka wá ẹ̀yìn ìjàpá.

"Olówó orí mi, dúdú ibẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní kí wọ́n nu ìdọ̀tí yẹn, kínú ẹ lè dùn."

"Ìdọ̀tí kọ́. Àtàǹpàkò ọmọ wa ni. Ó fọwọ́ bọ́tà tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tá a gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí kò padà wálé mọ́. Mo tiẹ̀ tún bá a wí."

Ọkọ fa aṣọ tó ti dúdú náà yọ lápò, ó nà án sí i.

Ìyàwó rọra ká a bí aṣọ ọmọ tuntun. Ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó pa á dé.

Ó fi owó fàdákà sílẹ̀ lórí tábìlì.