Àmì Ìparẹ́

Láti ìgbà tí bọ́tìnì ti kásẹ̀ nílẹ̀ lára awò eré tí à ń dè mọ́jú, iṣẹ́ tèmi ni pé kí n wá ìfarajúwe tí ènìyàn kò ní ṣèèṣì ṣe. Àmì ìparẹ́, èyí tó ń pa ohun inú eré rẹ́, ló le jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ yàn ni pé kéèyàn fi ọwọ́ yí orí ká, kó sì tàka. Àfi bí Màmá Àṣàbí, tó ń bá wa dán eré wò, ṣe gbọ́ ìròyìn burúkú lórí rédíò. Ó fi ọwọ́ yí orí ká, ó tàka, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Gbogbo oko iṣu tó dá sínú eré pòórá. Ó yàn mí lódì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ni mo bá fi nína ọwọ́ òsì sí àgbà rọ́pò rẹ̀. Ọmọ wo la tọ́ dáadáa tó máa ṣèèṣì ṣe ìyẹn?

Láàárọ̀ yìí, Fọláhàn, ọ̀gá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, de awò mọ́jú, ó lọ bá Màmá nínú oko tuntun tó dá sínú eré. Ife kọfí wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ló bá na òsì.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

Ebè bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá ní, "Ọmọ yìí, ilé ta lo ti wá?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tètè dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni àmì tó lè dá oko padà."

Ó wo ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan kanlẹ̀.

Awò náà ní, "Àyà kò tíì kanlẹ̀."

Ó gbé kọfí sílẹ̀, ó nà gbalaja. Iṣu padà hù. Ó fẹ́ dìde.

Màmá ní, "Ta ló ní kó o dìde?"