Kí Orí Màmá Tún Lè Pé

Nígbà tí Màmá Bogdana ṣubú lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan pe nọ́ńbà tó rí nínú fáìlì rẹ̀ àtijọ́, Ralitsa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sì gbé e ní ìlú Plovdiv. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó dé ìlú Lom nírọ̀lẹ́, ó wọ́ báàgì rẹ̀ gba etí odò kọjá, ó sì kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n bí i sí.

Todorka, aládùúgbò tó ń ṣọ́ ìyá náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Ilé ìwòsàn ló pè mí."

"Ó dáa." Todorka tú épírọ̀nì ìdí rẹ̀. "Ọbẹ̀ ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Mi ò sọ nǹkan kan o, mi ò sì rí nǹkan kan."

Màmá Bogdana jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó yíjú, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọ mi ti dé! Wá jókòó. O mà rù o. Ṣé ẹ kì í jẹun níbẹ̀ ni?"

Ralitsa kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ nítan. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

Orí ìyá náà kò pé mọ́. Ó ń bu iyọ̀ sí tíì. Ó fi ìpara ọwọ́ pa búrẹ́dì, ó sì ń bínú pé bọ́tà òde òní kò dùn. Bó bá dìde, ilé á máa yí i lójú. Ṣùgbọ́n tí Ralitsa bá ń fọ irun rẹ̀, á máa fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, á ní, "Ọmọ dáadáa, ọmọ dáadáa." Ralitsa á sì máa fọ irun tó ti mọ́ tipẹ́.

Oògùn mẹ́fà ló wà nínú àpótí. Ralitsa kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, ó kó wọn lọ bá Asparuh, apoògùn tó wà nídìí ọjà.

"Ta ló kọ èyí?" Asparuh bèèrè.

"Dókítà tó ń tọ́jú ìtọ̀ wọn."

"Èyí tó wà fún oorun ńkọ́?"

"Dókítà àdúgbò."

"Ti ẹsẹ̀ títa?"

"Dókítà iṣan, ní ìlú Montana."

"Ṣé ẹnì kan nínú wọn mọ ohun tí àwọn méjì yòókù kọ?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

Asparuh rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Bíríkìlà mẹ́ta ń mọ ilé kan ṣoṣo, wọn ò ríra wọn rí. Ẹ wò ó, ohun kan náà ni oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń ṣe sí ọpọlọ arúgbó. Tí wọ́n bá pàdé nínú ara, kùrukùru ni wọ́n ń dà bo orí. Kì í ṣe ogbó ló ń da Màmá láàmú. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí Màmá bá tún ṣubú, wọ́n lè má dìde mọ́."

"Tí a bá yọ wọ́n kúrò?"

"Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín wọn kù, ẹ má dá a ṣe o. Láàárín oṣù kan, orí Màmá á pé."

"Wọ́n á máa rántí nǹkan?"

"Dájúdájú."

"Gbogbo nǹkan?"

Asparuh yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìròyìn ayọ̀ ni mo ń fún yín o."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun."

"Dókítà Montana gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wákàtí kan ni. Ẹ wa mọ́tò gbé Màmá lọ láàárọ̀."

"N kì í wakọ̀. A ó wọ bọ́ọ̀sì."

Nínú bọ́ọ̀sì náà, Màmá Bogdana sùn sí èjìká rẹ̀ lálọ àti lábọ̀. Èjìká náà kú tìpiri, Ralitsa kò sún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù bí dókítà ṣe fọwọ́ sí i, ó fi ọ̀bẹ gé oògùn sí méjì, ó jókòó, ó ń wò ó lórí àtẹ́lẹwọ́ títí tíì fi tutù.

"Kí lo ń rò, ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ lanu."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, iyọ̀ kò dé inú tíì mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, Màmá Bogdana dá jáde lọ sí àgbàlá, ó sì pariwo mọ́ Todorka pé ológbò rẹ̀ ń gbẹ́ òdòdó òun. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ralitsa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti gbé oúnjẹ síwájú ìyá rẹ̀, á yára padà sí ilé ìdáná.

Ó kọ àkókò oògùn kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà gàdàgbà sára ògiri, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Todorka lẹ́ẹ̀mejì. Todorka rí báàgì lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"O ń lọ? Nígbà tí ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá?"

"Mo kàn múra sílẹ̀ ni, mà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó po ìyẹ̀fun, ó yan bánítsà, ó gbé e wọlé bó ṣe gbóná tó, wàràkàṣì ń yọ́ lára rẹ̀. Màmá Bogdana ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè. Ojú náà mọ́ gaara. Ó wo àwo, ó wo ọwọ́ tó gbé e, ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ó ká ìwé ìròyìn náà sí méjì, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Ralitsa," ó wí, "ṣebí níbi ìsìnkú àbúrò rẹ tí o fi mọ́tò pa ni mo ti sọ fún ọ pé, títí n ó fi kú, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́?"