Bí Bàbá Ṣe Kọ́ Ọ̀nà Ilé Ẹjọ́

Àjà kẹta ilé ẹjọ́ ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó ogún òkú wà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì. Bàbá rí àyè kà wọ́n, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni tíṣà jókòó kí wọ́n tó dé òkè, òun náà sì dúró tì í, fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè ní tíṣà, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, òun ló sì kọ́ bàbá láti kàwé lẹ́yìn tí bàbá ti pé ọgọ́ta ọdún. Ilé ìwé ti ní kí tíṣà jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi le.

Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì jẹ́ obìnrin tó fi bíírò há irun. Ó gbójú sókè.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá."

Bàbá yíjú sí tíṣà. Tíṣà ló bá a dáhùn. "A dúpẹ́, mà."

"Ṣé olóògbé ṣe ìwé ìhágún?"

"Ó ti wà lọ́dọ̀ yín níbí. Bàbá ni wọ́n yàn pé kó mú un ṣẹ."

"Ìyẹn dáa. Ìwé ẹ̀rí ikú ńkọ́?"

"Kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́."

"Ilé ìwòsàn lẹ ó ti gbà á."

"A mọ ibẹ̀ dáadáa," ni tíṣà wí.

Akọ̀wé ka ìyókù fún wọn: fọ́tò bàbá méjì, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ìbúra níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lẹ ìkéde mọ́ ògiri fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Tíṣà ní kí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ń kọ ọ́ bí ẹni ń gbẹ́ igi líle. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

"Àǹtí, ẹ bá wọn kọ ọ́ jàre," ni akọ̀wé wí. "Àbí ẹ fẹ́ ká sùn síbí ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Òun nìkan ni yóò máa wá."

"Ọmọ yín yìí le o, Bàbá!"

"Tíṣà ni," ni bàbá wí. "Ó kù díẹ̀ kó ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè."

Kì í ṣe pé tíṣà ń fi bàbá ṣeré. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá kú, àwọn kan gbé ìwé wá fún bàbá, ó tẹ ìka sí i, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ ń gbẹ́ igi fún ọdún mọ́kànlélógún bá ìwé náà lọ. Ilé yàrá mẹ́ta ló kù báyìí, tí bàbá, tíṣà, àti ọmọ tíṣà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbé. Ìwé ìhágún sọ pé ti ọmọ náà ni, kí bàbá dì í mú fún un títí yóò fi dàgbà. Bí bàbá bá tún ṣi ìka tẹ̀, ọmọ náà kò ní ibi tí yóò fi orí lé.

Aṣọ ìyá tíṣà ṣì wà lórí ìkọ́ nínú yàrá bàbá. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà náà bi bàbá pé kí ló dé tí ó ń nu ojú nígbà gbogbo. Bàbá ní eruku pákó ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti fọwọ́ kan ayùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ bàbá ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n tíṣà, gbé búrẹ́dì méjì àti ìwé kan wá. Ó ní òun fẹ́ gba wàhálà kúrò lọ́rùn àgbà.

"Bàbá, ẹ kàn tẹ ìka síbí. Tàdáwà wà lápò mi."

Bàbá ní kí wọ́n bá òun mú gíláàsì òun. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè, títí ọmọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Mo... fi... gbogbo... àṣẹ..."

"Ó ti tó, Bàbá! Ẹ̀yin náà ti di lọ́yà. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà lọ́jọ́sí!"

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ilé yìí kì í ṣe tèmi, tí màá fi gbé àṣẹ ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mú ìwé ẹ, fi búrẹ́dì sílẹ̀."

Tíṣà fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó kí bàbá, kò wo ojú àbúrò rẹ̀, ó jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tíṣà jókòó sídìí tábìlì ìjẹun. Bàbá bọ́ síta, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú fáìlì.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá?" Tíṣà sín akọ̀wé náà jẹ dáadáa.

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé ìhágún ni mo bá wá."

"Káàdì ìdánimọ̀?"

"Òun nìyí."

"Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ka ńkọ́?"

"Màá kà á ná. Orúkọ mi ni mo máa ń kọ, mi ò kì í tẹ̀ka mọ́."

"Ta ni olóògbé?"

Ibẹ̀ ni bàbá ti máa ń dúró láti ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti ń dán an wò. Ó gbé fáìlì láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Tíṣà, jẹ́ ká fo ìyẹn."

"Akọ̀wé ò ní fò ó. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, bùọ̀dá mi á bá yín dáhùn, ìwé ẹ̀ á sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹnu mi ò gbà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ ríbi sùn lẹ́yìn mi. Ta ni olóògbé?"

"Ọmọ mi obìnrin ni," ni bàbá wí, "tíṣà ni," tíṣà sì mi orí, ó ní kí ó padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ó wá tún un wí láìsunkún.